Owó Káṣọ̀n Ìyá Pẹ́dírò

                                                            Lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, Atẹ̀wé,
                                                            8, Òpópónà Adéjìmí,
                                                            Ṣómólú, Èkó.
                                                            Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje, 2001.

Mojíbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé yín ní Ìbàdàn. Ṣé àlàáfíà ni Màmá wà? Orúnkún wọn ńkọ́, ṣé òtútù òjò yìí kò tún ti gbé e dìde? Bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n má bínú pé n kò tíì dá ìwé ìtàn tí wọ́n yá mi padà. Ó wà lọ́dọ̀ mi, kò sí ohun tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò rẹ tó ní òun kò ní jẹ ẹ̀wà mọ́ títí ayé ńkọ́? Ṣé ó ṣì dúró lórí ìbúra rẹ̀?

Èmi náà wà láàyè, ara mi le. Má jẹ́ kí àdírẹ́sì tí o rí lókè yẹn dààmú rẹ. Kì í ṣe ìgbádùn ló lé mi kúrò ní Pẹ́dírò. Ilé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé bébà, ẹ̀rọ sì ń ké gbàgàgbàgà lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ni kí o máa fi èsì ránṣẹ́ sí fún ìgbà díẹ̀.

Nínú ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn, o dáhùn ìbéèrè mi, o sì tún bi mí ní tìrẹ. O ní o ti béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ yín ní òfin, ó sì ní òun kò rí òfin kan ní Èkó tó sọ pé dandan ni kí onílé san èlé lórí owó káṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà lo wá ní, "Démiládé, ta lo tún ń bá jà?" Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. N kò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Jẹ́ kí n ro gbogbo rẹ̀ fún ọ bó ti rí, nítorí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

O mọ Ìyá Pẹ́dírò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti pínyà ní Ifẹ̀. Fàsílátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, àdúgbò ni a fi ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ìdìwé ni wọ́n ń ṣe. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú yóò kó bébà tí wọ́n ti tẹ̀ wá, Ìyá yóò ká a, wọn yóò tò ó, wọn yóò rán an, wọn yóò sì lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Yàrá méjì ni wọ́n gbà: iṣẹ́ wà ní iwájú, ibùsùn wà lẹ́yìn. Bí o bá jí láàárọ̀, òórùn gọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí ènìyàn tó kí ọ. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ wọn kú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì tó wà ní Kánò báyìí.

Bàbá Bámilóyè ló ni ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, díákónì ni wọ́n sì jẹ́ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọn kò gbé ibẹ̀ pẹ̀lú wa, ilé wọn kejì lápá Igbóbì ni wọ́n wà. N kò gbọ́ ariwo láàárín Bàbá àti Ìyá rí. Bí ọdún Iléyá bá dé, àwo ẹran Bàbá ni Ìyá máa ń kọ́kọ́ bù. Bí Kérésì bá dé, abọ́ ìrẹsì Bàbá kì í pẹ́ kan ilẹ̀kùn wa.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Láti ìgbà tí àwọn alágbádá ti gbàjọba tí wọ́n sì fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo onílé agbègbè yìí ló ti gbà pé owó náà ti wọ àpò ayálégbé wọn, ìbáà ṣe gúgúrú ni ayálégbé ń tà. Ojú Bàbá Bámilóyè kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà Ezekiel, àkọ́bí wọn, ló ń bójú tó ilé. Ó ní òun fẹ́ fọ́ ògiri iwájú kí òun sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní tẹlifóònù tí ènìyàn ń mú rìn kiri yóò dé láìpẹ́, pé gbogbo ẹni tí yóò tà á ni yóò máa wá ṣọ́ọ̀bù. Ó fún Ìyá ní ìwé kí wọ́n kó jáde ní òpin oṣù kẹsàn-án. Ó sì fún wọn ní àpò ìwé kan pẹ̀lú owó káṣọ̀n wọn nínú.

O mọ owó káṣọ̀n. Òun ni owó tí ayálégbé ń fi sí ọwọ́ onílé lọ́jọ́ tó bá wọlé, pé bí òun bá fọ́ fèrèsé tàbí ba ògiri jẹ́, kí onílé yọ ọ́ níbẹ̀. Bí kò bá ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n kó o fún un lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ẹgbẹ̀ta náírà ni ti Ìyá, láti ọdún 1985. Owó bébà tuntun mẹ́ta, igba náírà kọ̀ọ̀kan, ni Ezekiel kó sínú àpò ìwé náà.

"Ìyá, ẹ kà á o. Ó pé," ni ó wí.

"Mo ti rí i, Ezekiel. Bá mi kí Bàbá."

Ìyá fi àpò ìwé náà sábẹ́ agolo gọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń ká bébà wọn lọ. Èmi ni inú ń bí. Búrẹ́dì mẹ́wàá ni ẹgbẹ̀ta náírà ń rà lójú ọ̀nà wa. Mo ti tẹ̀lé Ìyá lọ wo yàrá kan lẹ́yìn Palmgrove, níbi tí éjẹ́ǹtì ti ní kí a kó owó ọdún méjì wá, kí a sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e fún káṣọ̀n. Mo wá rántí onílé wa ní Bọ́sítìn, ní Amẹ́ríkà níbi tí mo dàgbà sí. Ahun ni ọkùnrin náà. Bí páìpù bá bẹ́ nígbà òtútù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò tó wá. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni ó ń fi ṣẹ́ẹ̀kì èlé owó káṣọ̀n ránṣẹ́ sí ìyá mi, nítorí òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kó jẹ ẹ́. Dọ́là mọ́kànlá ni. Ìyá mi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ó tó gbé e lọ sí báńkì, bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Mo wò ó pé bí ahun Bọ́sítìn bá lè san án, ẹ̀rí ọkàn díákónì kò ní jẹ́ kí ó kọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ nípa òfin. N kò dúró de èsì rẹ. Mo mú bíro, mo ṣírò iye tí báńkì ì bá san lórí ẹgbẹ̀ta náírà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀ta. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Ìyá lọ gba iṣẹ́ ní Ṣómólú, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Igbóbì. N kò bi wọ́n. N kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí n bi wọ́n. Ó dá mi lójú pé ire ni mo ń ṣe.

Bàbá àti Ezekiel jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì rojọ́ mi.

"Ṣé báńkì ni wá ni?" Ezekiel ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí. "Ẹ gbé inú ilé wa, àwa la tún máa sanwó fún un yín. Kí n kúkú máa gbé owó ilé wá fún Ìyá lóṣooṣù, kí ẹ̀yin náà wá tẹ́wọ́ gbà á."

"Bùrọ̀dá, ọdún mẹ́rìndínlógún ni owó náà fi wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ó kàn sùn ni?"

"Amẹ́ríkà ti ba eléyìí jẹ́. Ẹ gbọ́ o, owó wa ò kí ń sùn mọ́."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá, wọ́n ní, "Fàsílátù ló rán ọ?"

Mojíbọ́lá, ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀tọ́ wọn ni, Bàbá." Bàbá kàn mirí, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi àpò ìwé mìíràn rán ẹnìkan sí wa. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀, kò lé, kò dín. Bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé: "Fàsílátù, èlé owó rẹ rèé. N kò fẹ́ kí opó fẹjọ́ mi sun Ọlọ́run." Èmi ni mo gbà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá bí ọmọ tó gbé ipò kìíní.

Ìyá ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bébà tí wọ́n ń ká bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Èlé?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti Bọ́sítìn, mo sọ ti ẹ̀tọ́, mo sọ bí mo ti ṣe ìṣirò náà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Démiládé, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ òsì, èlé ò kọjá ọ̀fun mi rí. Nígbà tí àìsàn bàbá àwọn ọmọ mi le, àwọn olówó èlé wá bá mi nínú yàrá yìí. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Owó mi tó wà ní báńkì, ibi tí kì í ti í bímọ ni mo ní kí wọ́n fi í sí. Ìwọ wá lọ fi orúkọ mi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Bámilóyè?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"O ò bi mí."

Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ ìyá mi tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí. Oṣù méje ni mo fi ń pọn omi àlùwàlá fún Ìyá Pẹ́dírò, tí mo ń bá wọn ká ẹní ìrun kúrò nílẹ̀, tí n kò sì béèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo ohun tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n jẹ, yàtọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n da ìborùn borí, wọ́n ní kí n gbé àpò, ó di Igbóbì. Wọ́n gbé owó náà kalẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, mo dá èlé yín padà. Ọmọdé ló ṣe é, mi ò rán an."

Bàbá mí kanlẹ̀. Mo rí i pé inú wọn tutù díẹ̀. "Kí lo wá fẹ́, Fàsílátù?"

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rántí. Owó yẹn, mi ò kà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ ti mọ ògiri tán, owó tán lọ́wọ́ yín, òjò sì ń bọ̀. Ẹ ní kí n bá yín san owó páànù lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ìdì méjì, ogún-ogún. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ẹ ní káṣọ̀n mi nìyẹn, ẹ sì kan gbogbo ẹ̀ sórí yàrá mi."

"Mo rántí," ni Bàbá wí. "Òjò ọdún yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Bí kì í bá ṣe tìẹ, ògiri ì bá wó."

Ohùn wọn ti yí padà. Mo rò ó títí di òní pé bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, àgbàlagbà méjì yẹn ì bá ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà parí rẹ̀. Wọ́n kúkú mọ ara wọn láti ìgbà tí mo ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ọpọlọ mi ti sáré lọ. Mo ti béèrè iye páànù rí: ìdì méjì kò dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà lónìí. Kì í sì í ṣe èlé. Mo dà bí ẹni tó rí abẹ́rẹ́ tó sọnù.

"Bàbá, tó bá jẹ́ páànù ni wọ́n fún yín, ẹ fún wọn ní páànù padà. Ohun tí a bá gbà la ń dá padà."

Ìyá já mi ní èékánná nítan. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

Ezekiel wò mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Páànù lẹ fẹ́?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Ẹ máa gba páànù."

Lójú ọ̀nà, Ìyá ní kí n ra iyọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kò tíì jẹun àárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí àkàsọ̀ fi orí gbá ògiri. Ràmọ́nù káfíńtà ni, ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan náà. Ó kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ezekiel ní bí mi ò bá ṣe é, yàrá tèmi ló kàn. Ìyàwó mi sì wà nínú oyún."

Ìyá wò ó, wọ́n wo òkè. "Dìde, Ràmọ́nù. Gòkè lọ. Rọra ṣe é, kí ìṣó má jábọ́ sórí iṣẹ́ oníbàárà."

Ezekiel dúró ní ìta. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, èmi kọ́. Ẹ ní páànù lẹ kó wá. Páànù yín rèé, a ò jẹ ẹ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ohun tí a bá gbà la ń dá padà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Mojíbọ́lá, o ò mọ bí yàrá ti ń rí nígbà tí a bá ṣí òrùlé rẹ̀ lójú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Oòrùn já lu gbogbo ibi tí n kò tíì rí rí: ẹyin aláǹgbá lórí igi àjà, ilà tí ọkọ Ìyá fà sára ògiri láti fi wọn gíga àwọn ọmọ, eruku tó ń fò lórí ibùsùn. Àwọn ará àdúgbò pé jọ. Àwọn kan ní ká lọ bá ọlọ́pàá, àwọn kan ní kóòtù. Ìyá ní kí gbogbo wọn kọ́kọ́ bá àwọn gbé bébà. Ẹgbẹ̀rún méjì ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló wà nílẹ̀, tí wọ́n ti tò tí wọn kò tíì rán. Ibi tí a ó kó o sí kò sí. Tapólì kan ṣoṣo la ní. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, òjò ṣú, Ìyá sì ta tapólì náà bo ìwé oníbàárà. Mo ní kí a fi bo bẹ́ẹ̀dì.

"Bẹ́ẹ̀dì, tèmi ni," ni wọ́n wí. "Èyí, ti oníbàárà ni."

Ìwé bàbá rẹ wà láàárín àwọn ìwé yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi rẹ. Àwa méjèèjì fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ etí tapólì náà títí ilẹ̀ fi mọ́, a jókòó lórí bébà. Ara Ìyá ń gbọ̀n. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n lù mí. Wọ́n ní kí n fa etí tapólì sọ́dọ̀ mi, pé òjò ń wọlé.

Ní òwúrọ̀ Jimọ́ọ̀, òjò dá. Ìyá tún ìró ró, wọ́n jáde lọ síbi tí wọ́n to páànù jọ sí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ti dógùn-ún, ó ti pọ́n, ihò ìṣó wà lára gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lórí èkejì. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà. Wọ́n yọ mẹ́ta sọ́tọ̀.

"Ìyá, wọ́n ti ṣí ilé lé yín lórí, páànù lẹ ń kà?"

"Ogójì ni mo fún wọn. Mẹ́tàlélógójì ni Ràmọ́nù yọ. Ẹ̀rù bà á, ó yọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá fún wọn ní ogójì tí mo gba mẹ́tàlélógójì, kí là ń pe mẹ́ta yẹn?"

Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti mẹ́ta náà sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ lo mọ orúkọ ẹ̀ jù mí lọ. Gbé e lọ fún Bàbá."

Mo ká òṣùká, mo gbé páànù mẹ́ta rù láti Pẹ́dírò dé Igbóbì. Omi ìpẹtà ń ṣàn sí mi lọ́rùn. Àwọn kan bi mí bóyá mo ń tà á. Bàbá nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ ariwo páànù, wọ́n dìde, wọ́n bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìtíì mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Kí nìyí?"

"Démiládé ni, Bàbá. Ìyá ní kí n gbé e wá. Ogójì ni tàwọn. Mẹ́ta yìí lé."

"Ogójì wo?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka wá ara páànù náà kiri títí ìka wọn fi kan ihò ìṣó. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

"Ta ló yọ ọ́?"

Mo sọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́.

"Òjò àná ńkọ́?"

"Ó bá wa nínú yàrá, Bàbá."

Wọ́n jókòó. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára páànù. "Níbo ni Fàsílátù sùn?"

"Lórí bébà, sà."

Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ti fẹ́ pé báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo tó ń gbé iṣẹ́ fún Ìyá fún wa ní ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Ràmọ́nù gbẹ́ òpó mẹ́fà, ó kan ogójì páànù náà sórí wọn, kò sì gba kọ́bọ̀. A fi ọ̀dà dí ihò ìṣó, ṣùgbọ́n omi mọ ọ̀nà ju ọ̀dà lọ. Mo ti mọ ibi tí abọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bàbá ti ránṣẹ́ pe Ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ní àwọn yóò lọ bí àwọn bá ti gbé iṣẹ́ oníbàárà jáde. Àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n wá sí Kánò. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ máa dì ní Kánò. Ikọ́ ti mú wọn láti ọjọ́ òjò yẹn, n kò sì fẹ́ràn bí ó ṣe ń dún. Àwọn yàrá méjèèjì ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹni tó tíì fọ́ ògiri, kò sí ẹni tó tíì kan òrùlé. Aláǹgbá ló ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ nìyí. Òfin kò mọ èlé, mo ti gbà. Ṣé kò mọ òrùlé ni? Ìwé tí Ezekiel fún Ìyá sọ pé òpin oṣù kẹsàn-án, oṣù keje la sì wà yìí. Bá mi bi olùkọ́ yín ohun tí obìnrin bẹ́ẹ̀ lè ṣe, àti iye tí yóò ná an.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi Ìyá kí n tó mú bíro. Mo ní, "Ìyá, ṣé kí n kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà?" Wọ́n ní, "Kí o gba kí ni?" Mo ní kì í ṣe kí n gba nǹkan kan, kí n kàn béèrè ni. Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n kà á sí àwọn létí kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Mo ti kà á tán báyìí. Wọ́n dúró ti iṣẹ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀, títí kan ibi tí mo ti jẹ̀bi. Wọn kò ní kí n yọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí n fi kún un pé ọ̀kan nínú ogójì páànù náà ti lu láti ọjọ́ tí àwọn ti rà á, kí a má baà purọ́ mọ́ Bàbá Bámilóyè.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Sọ fún àbúrò rẹ ẹlẹ́wà pé mo ní kó rọjú. Ìyá Pẹ́dírò kí gbogbo yín, wọ́n ní kí Màmá máa fi omi gbígbóná jó orúnkún náà. Bí o bá rí ibi tí mo ti fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ, fi bíro pupa fà á, kí o dá a padà fún mi.

Èmi ni, tí ń retí èsì rẹ lábẹ́ ogójì páànù,

Démiládé.